Ìjáde Tàbí Ìdúró: Àríyànjiyàn Àwọn Sósálíìsì Ilẹ̀ Bìrìtéènì Lórí Ọjà Àjọní Ilẹ̀ Yúróòpù, 1962–1988

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1975, ìjọba ilẹ̀ Bìrìtéènì bi gbogbo ará ìlú léèrè bóyá kí orílẹ̀-èdè náà dúró nínú Ẹgbẹ́ Ọrọ̀-Ajé Ilẹ̀ Yúróòpù, tí a ó máa pè ní Ọjà Àjọní nínú iṣẹ́ yìí, tàbí kí ó jáde. Ìdá 67.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló ní kí wọ́n dúró. Ẹgbẹ́ Labour ló wà lórí oyè nígbà náà, ẹgbẹ́ yìí kan náà ló sì pín sí méjì gédégédé lórí ọ̀rọ̀ náà. Mínísítà ń tako mínísítà ní gbangba, àwọn tó ti jọ ń jà fún ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ sì kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Àlàyé méjì ló wọ́pọ̀ lórí ìdí tí àwọn olóṣèlú apá òsì, ìyẹn àwọn tó gbà pé ire òṣìṣẹ́ ló yẹ kí ìjọba fi ṣáájú èrè olówó, fi pín báyìí. Àlàyé kìíní ni pé ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni ló bo àwọn tó fẹ́ jáde lójú: pé wọ́n kàn kórìíra àjèjì, wọ́n sì ń ṣọ̀fọ̀ agbára tí ilẹ̀ Bìrìtéènì ti ní rí. Àlàyé kejì ni pé ọgbọ́n àtidépò lásán ni: pé bí Labour bá wà lórí oyè, wọn a fẹ́ wọlé; bí wọ́n bá di ẹgbẹ́ alátakò, wọn a ní àwọn kò fẹ́ mọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú àlàyé méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé àríyànjiyàn náà kì í ṣe lórí Yúróòpù gan-an. Agbára ìjọba ilé ni ó dá lé lórí. Ẹni tó bá gbà pé ìjọba tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ìbò gbé dé ipò lè fi òfin tún ètò ọrọ̀-ajé ṣe, a máa wo Ọjà Àjọní bí okùn tí wọ́n fẹ́ fi de ìjọba náà lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbà pé agbára àwọn olówó ti ju ti ìjọba orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lọ, a máa wò ó bí ibi tí a ti lè pa agbára pọ̀. Nígbà tí ìgbàgbọ́ yìí bá yí padà, ìhà tí wọ́n kọ sí Ọjà Àjọní náà a sì yí padà. A ó kọ́kọ́ sọ irú ẹgbẹ́ tí Ọjà Àjọní jẹ́. A ó tọ ìtàn àríyànjiyàn náà láti ọdún 1962 títí di 1988. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo ibi tí ọ̀rọ̀ ìhà kọ̀ọ̀kan ti mẹ́hẹ.

Irú Ẹgbẹ́ Tí Ọjà Àjọní Jẹ́

Orílẹ̀-èdè mẹ́fà, ìyẹn Faransé, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, Ítálì, Bẹ́ljíọ̀mù, Nẹ́dálándì àti Lúksẹ́mbọ́ọ̀gì, ló fọwọ́ sí Àdéhùn Róòmù ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1957. Wọ́n gbà láti mú owó ibodè kúrò lórí ọjà tí wọ́n bá ń tà fún ara wọn, kí wọ́n sì jọ máa gba iye kan náà lórí ọjà tó bá ti ìta wá. Wọ́n tún gbé ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ kalẹ̀, èyí tí kò jẹ́ kí owó irè oko àwọn àgbẹ̀ wọn já wálẹ̀. Ètò yìí kò bá ti ilẹ̀ Bìrìtéènì mu, nítorí pé oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè, bíi bọ́tà láti New Zealand àti ṣúgà láti àwọn erékùṣù Karibíánì, ni àwọn ará Bìrìtéènì ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀wọ́n oúnjẹ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ fún ìdílé òṣìṣẹ́.

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, nǹkan mẹ́ta nínú àdéhùn náà ló kan àwọn sósálíìsì gbọ̀ngbọ̀n. Èkíní ni pé ó fi òté lé owó ìrànwọ́ tí ìjọba lè fún ilé-iṣẹ́, bí ìrànwọ́ náà bá lè fa àìdọ́gba láàrin àwọn tó ń bára wọn díje. Èkejì ni pé ó fi ṣe ète rẹ̀ pé kí owó òkòwò lè máa ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí èkejì láìsí ìdíwọ́. Ẹ̀kẹta ni pé òfin tí wọ́n bá ṣe ní Brussels ní agbára ju òfin ilé lọ. Àjọ Ìṣàkóso tí ará ìlú kò dìbò yàn ni ó ń dábàá òfin náà, Ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń fọwọ́ sí i. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ni àríyànjiyàn náà ń padà sórí wọn títí.

Láti Ìgbà Gaitskell Títí Di Ọdún 1972

Ìjọba Conservative ti Harold Macmillan ló kọ́kọ́ béèrè láti wọ Ọjà Àjọní ní ọdún 1961. Hugh Gaitskell ni olórí ẹgbẹ́ Labour nígbà náà. Gaitskell kì í ṣe ọmọ apá òsì. Ó ti bá àwọn ọmọlẹ́yìn Aneurin Bevan já ọ̀pọ̀ ìjà nínú ẹgbẹ́. Síbẹ̀, ní àpérò ẹgbẹ́ ní Brighton ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, ó sọ̀rọ̀ tako ìwọlé àfi bí wọ́n bá mú àwọn ìlérí márùn-ún kan ṣẹ. Àwọn akọ̀tàn a máa rántí ọ̀rọ̀ náà nítorí ibi tí ó ti ní ìwọlé lè fi òpin sí ẹgbẹ̀rún ọdún ìtàn orílẹ̀-èdè òun. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí jù nínú àwọn ìlérí náà ni pé ọ̀kan nínú wọn béèrè pé kí Bìrìtéènì lè máa ṣe ètò ọrọ̀-ajé tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Ìlérí mìíràn béèrè ààbò fún àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth.

Ọ̀rọ̀ Commonwealth yìí kan ilẹ̀ wa. Ní ìpàdé àwọn olórí ìjọba Commonwealth tó wáyé ní London ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1962, wọ́n fi ipò alábàáṣepọ̀ pẹ̀lú Ọjà Àjọní lọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Nàìjíríà lábẹ́ Abubakar Tafawa Balewa kọ̀ ọ́. Gánà àti Tanganyika pẹ̀lú kọ̀ ọ́. Lójú Kwame Nkrumah, ìjọba amúnisìn ló gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Nítorí náà, nígbà tí apá òsì ilẹ̀ Bìrìtéènì ń sọ pé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀ ni Ọjà Àjọní, wọ́n ní ẹlẹ́rìí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ láti sọ pé ìkórìíra àjèjì nìkan ló ń sún wọn. Lóòótọ́, ẹni tó ń gbèjà Commonwealth lè máa ronú nípa ìjọba àná tí ó ti lọ. Ó sì tún lè máa ronú nípa àgbẹ̀ tó ń gbin ìrèké ní Jamaica. Èrò méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ Labour.

De Gaulle ti ilẹ̀ Faransé dí Macmillan lọ́nà ní oṣù kìíní ọdún 1963. Nígbà tí Harold Wilson ti Labour dé orí oyè ní ọdún 1964, ẹnu kò pẹ́ yí padà: ní ọdún 1967 òun náà béèrè láti wọlé, De Gaulle sì tún kọ̀ fún un. Ẹni tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé nínú àwọn tó ṣe alátìlẹ́yìn ìbéèrè ọdún 1967 yìí ni Tony Benn, tí ó jẹ́ mínísítà fún ìmọ̀-ẹ̀rọ. Iṣẹ́ rẹ̀ mú un dojú kọ àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ọkọ̀ òfuurufú ti Amẹ́ríkà, ó sì rò pé Bìrìtéènì nìkan kéré jù láti bá wọn díje. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó wá di olórí àwọn tó fẹ́ jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìkórìíra àjèjì ni, a ó ní láti ṣàlàyé ibi tí ìkórìíra náà fara pa mọ́ sí ní ọdún 1967.

Edward Heath ti ẹgbẹ́ Conservative ni ó mú Bìrìtéènì wọlé níkẹyìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1971, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi ìbò 356 sí 244 gbà á. Ẹgbẹ́ Labour ti pàṣẹ fún àwọn aṣòfin rẹ̀ pé kí wọ́n tako ó, ṣùgbọ́n 69 nínú wọn, tí Roy Jenkins ṣáájú, dìbò pẹ̀lú Heath. Nígbà tí òfin náà gan-an dé iwájú ilé fún kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kejì ọdún 1972, ìbò mẹ́jọ péré ni ó fi yege. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, Bìrìtéènì, Dẹ́nmáàkì àti Áyálándì di ọmọ ẹgbẹ́.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tó jinlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ Marx ló tako ìwọlé. Ní ọdún 1972, Tom Nairn kọ iṣẹ́ gígùn kan sínú ìwé àtìgbàdégbà New Left Review, nínú èyí tí ó ti bá apá òsì wí. Àríwísí rẹ̀ ni pé àwọn tó ń pariwo òmìnira orílẹ̀-èdè ti gbàgbé pé ìjọba ilẹ̀ Bìrìtéènì tí wọ́n ń gbèjà kì í ṣe ti òṣìṣẹ́, àwọn olówó ni ó ń sìn. Ìbéèrè tí ó béèrè le: bí ilé kì í bá ṣe tiwa, kí ni a ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún?

Ìdìbò Ọdún 1975

Labour padà sórí oyè ní ọdún 1974 pẹ̀lú ìlérí pé àwọn yóò tún àdéhùn náà dúnàádúrà, àwọn yóò sì fi èsì rẹ̀ síwájú ará ìlú. Benn ni ó kọ́kọ́ dá àbá ìdìbò ìbéèrè yìí nínú ẹgbẹ́, nígbà tí ẹgbẹ́ sì gbà á ní ọdún 1972, Jenkins fi ipò igbákejì olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1974, Benn di mínísítà fún ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ètò tí ó gbé dání ni pé kí ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀, National Enterprise Board, tí yóò máa ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ìjọba sì máa bá àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe àdéhùn lórí ohun tí wọn yóò ṣe, ibi tí wọn yóò kọ́lé sí, àti iye ènìyàn tí wọn yóò gbà síṣẹ́. Bí ó ti ń bá iṣẹ́ náà lọ ni ó ń rí i pé òfin Brussels lórí owó ìrànwọ́ lè ká òun lọ́wọ́ kò.

Ní ìparí ọdún 1974, ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó dìbò yàn án ní Bristol. Kókó ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ tí ará ìlú ní láti yan àwọn tó ń ṣòfin fún wọn, kí wọ́n sì yọ wọ́n bí wọ́n bá ṣe é tì, ni Ọjà Àjọní ń gbà lọ́wọ́ wọn. Owó àti ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbò wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn; ìbò ni ohun ìjà kan ṣoṣo tí òtòṣì ní. Bí àṣẹ bá wá kúrò níbi tí ìbò lè dé, ohun ìjà náà kò mú nǹkan kan mọ́. Michael Foot, Barbara Castle, Peter Shore, Eric Varley, John Silkin àti William Ross wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìjọba. Jack Jones, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, wà pẹ̀lú wọn.

Ìhà kejì náà ní ọ̀rọ̀ tó mọ́yán lórí. Jenkins àti Shirley Williams sọ pé òwò Bìrìtéènì pẹ̀lú Yúróòpù ń gbòòrò sí i, ti Commonwealth sì ń dín kù. Pé bí Bìrìtéènì bá jáde, owó ibodè yóò padà sórí ọjà rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò sì fara kááṣá. Wọ́n tún sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò kárí ayé lè máa fi ìjọba kan dẹ́rù ba èkejì: bí ìjọba yìí bá fi kún owó orí, wọn a kó lọ sí ibòmíràn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Nígbà tí Benn kéde pé Ọjà Àjọní ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn, Jenkins fèsì pé ó ṣòro fún òun láti ka Benn sí mínísítà ọ̀rọ̀-ajé tó ṣe é gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹgbẹ́ kan náà, ìjọba kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní ilẹ̀ Áfíríkà yọ ẹsẹ̀ kan nínú àwọn ẹsẹ̀ tí àríyànjiyàn ìjáde dúró lé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1975, ní ìlú Lomé ní Tógò, orílẹ̀-èdè 46 láti Áfíríkà, Karibíánì àti Pàsífíìkì bá orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ti Ọjà Àjọní ṣe àdéhùn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọjà wọn yóò máa wọ Yúróòpù láìsan owó ibodè, láìsí pé àwọn náà gbọ́dọ̀ ṣe bákan náà fún ọjà Yúróòpù. Nàìjíríà, tí ó ti kọ ipò alábàáṣepọ̀ ní ọdún 1962, tí àdéhùn tirẹ̀ tí ó fọwọ́ sí ní Lagos ní ọdún 1966 kò sì fìdí múlẹ̀, kó ipa pàtàkì nínú mímú kí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, ó di ohun tó ṣòro fún ọmọ ẹgbẹ́ Labour láti sọ pé òun fẹ́ jáde nítorí ọ̀ràn Commonwealth, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Commonwealth fúnra wọn ti fọwọ́ sí ìwé. Síbẹ̀, Judith Hart, mínísítà tó ń bójútó ìrànwọ́ fún òkèèrè, kò kúrò lára àwọn tó tako ìdúró. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ òkèèrè kọ́ ni gbòǹgbò àríyànjiyàn náà.

Bí ìbò ṣe lọ láti ìpele dé ìpele tọ́ka sí bí ẹgbẹ́ náà ṣe pín tó. Nínú ìgbìmọ̀ ìjọba, ènìyàn 16 fẹ́ ìdúró, àwọn 7 fẹ́ ìjáde. Ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, 137 nínú àwọn aṣòfin Labour fara mọ́ ìdúró, 145 kọ̀ ọ́, 33 kò dìbò. Ní àpérò àkànṣe ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù náà, níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń dìbò lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ìbò 3,724,000 ló wà fún ìjáde, 1,986,000 sì tako ó. Bí a bá ṣe ń sún mọ́ orí àga ìjọba ni ìdúró ń lágbára. Bí a bá ṣe ń sún mọ́ ilé-iṣẹ́ ni ìjáde ń lágbára.

Ìdìbò ìbéèrè gan-an kò rí bí ti àpérò. Àwọn tó fẹ́ ìdúró ní àtìlẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, owó tí wọ́n ná sì lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Àwọn tó fẹ́ jáde kò ní ju nǹkan bí 133,000 pọ́n-ùn lọ, èyí tí ìjọba fún wọn ní 125,000 nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí owó, Benn àti Foot bá ara wọn ní ìhà kan náà pẹ̀lú Enoch Powell, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó kórìíra wíwá àwọn aláwọ̀ dúdú sí ilẹ̀ Bìrìtéènì. Ìrẹ́pọ̀ yìí ba orúkọ ìjáde jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mílíọ̀nù 17 ó lé ní ìbò yan ìdúró. Mílíọ̀nù 8 ó lé yan ìjáde. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, Wilson mú Benn kúrò níbi ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó fi í síbi ọ̀rọ̀ epo àti iná. Ohun tí àwọn tó fẹ́ jáde pàdánù nínú oṣù kẹfà náà kọjá ìdìbò kan: ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n fẹ́ fi òmìnira náà ṣe ni wọ́n pàdánù.

Láti Ọdún 1976 Dé 1983

Ọdún kan lẹ́yìn náà, iye owó pọ́n-ùn já wálẹ̀, ìjọba James Callaghan sì lọ yá owó lọ́dọ̀ àjọ IMF. Ẹ̀yáwó náà jẹ́ bílíọ̀nù 3.9 dọ́là, àdéhùn rẹ̀ sì ni pé kí ìjọba gé owó tó ń ná fún ará ìlú kù. Nínú ìgbìmọ̀ ìjọba, Benn gbé ètò mìíràn kalẹ̀: kí wọ́n dín ọjà tó ń wọlé láti òkèèrè kù, kí wọ́n sì fi owó ilé gbé ilé-iṣẹ́ ró. Wọn kò gbà á.

Ọdún 1976 ṣe pàtàkì fún àríyànjiyàn wa, nítorí pé ìhà méjèèjì rí ẹ̀rí tiwọn nínú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ìdúró lè sọ pé kì í ṣe Brussels ló gé owó ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn. Àwọn tó ń ṣòwò owó ni, ìyẹn kò sì ní yí padà bí Bìrìtéènì bá jáde. Àwọn tó fẹ́ ìjáde lè sọ pé ìjọba kò tilẹ̀ gbìyànjú láti lo agbára tó ní. Ìbẹ̀rù ló mú un. Nínú ẹgbẹ́, ohùn kejì yìí ni ó borí. Lẹ́yìn tí Margaret Thatcher ti gba ìjọba ní ọdún 1979, àpérò Labour ti ọdún 1980 pinnu pé kí Bìrìtéènì jáde, láìsí ìdìbò ìbéèrè mìíràn. Ní ọdún 1981, Jenkins, Williams, David Owen àti William Rodgers fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ SDP sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yúróòpù wà lára ohun tó lé wọn. Nínú ìdìbò ọdún 1983, ìjáde wà nínú ìwé ìlérí Labour. Ìdá 27.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni wọ́n rí gbà, pẹ̀lú ìjókòó 209.

Ilẹ̀ Faransé àti Ọ̀rọ̀ Delors

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lákòókò yìí kan náà ní ipa tirẹ̀. François Mitterrand, sósálíìsì, di ààrẹ ní oṣù karùn-ún ọdún 1981. Ó sọ àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá di ti ìjọba, ó fi kún owó oṣù tó kéré jù lọ, ó sì mú àwọn mínísítà mẹ́rin wá láti inú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní ilẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dín iye owó Faransé kù láàrin oṣù kẹwàá ọdún 1981 àti oṣù kẹta ọdún 1983. Ní oṣù kẹta náà, wọ́n jiyàn láàrin ara wọn bóyá kí wọ́n jáde kúrò nínú ètò tó so owó àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mọ́ra. Jean-Pierre Chevènement wà lára àwọn tó fẹ́ jáde. Pierre Mauroy àti Jacques Delors fẹ́ dúró. Mitterrand yan ìdúró, ó sì gé owó kù.

Ìtàn kan ṣoṣo yìí ni ìhà méjèèjì tún pín kà. Fún Benn àti àwọn ènìyàn rẹ̀, Yúróòpù ló so sósálíìsì Faransé lọ́wọ́. Fún àwọn mìíràn, orílẹ̀-èdè tó tóbi tó Faransé pàápàá kò lè dá rìn. Stuart Holland, ẹni tí ìwé rẹ̀ The Socialist Challenge ti ọdún 1975 wà lára ohun tí ètò Benn dúró lé, ṣe olóòtú ìwé Out of Crisis ní ọdún 1983, nínú èyí tí wọ́n ti pe àwọn sósálíìsì Yúróòpù láti jọ gbé ọrọ̀-ajé ró. Neil Kinnock, tó sọ pé kí wọ́n jáde ní ọdún 1975, di olórí Labour ní oṣù kẹwàá ọdún 1983, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìjáde.

Nílé, nǹkan ń burú sí i. Àwọn tí kò níṣẹ́ ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ní ọdún 1982. Àwọn awakùsà dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1984, wọ́n sì padà síṣẹ́ ní ọdún 1985 láìrí ohunkóhun gbà. Labour tún fìdí rẹmi nínú ìdìbò ọdún 1987. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí Benn fẹ́ dá ààbò bò ni Thatcher ń lò láti fi òfin dín agbára ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kù. Inú ipò yìí ni wọ́n wà nígbà tí Delors, tí ó ti di olórí Àjọ Ìṣàkóso ní Brussels, wá bá àpérò àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní Bournemouth ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1988. Ó ṣèlérí pé ọjà kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbèrò fún ọdún 1992 yóò ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ nínú. Wọ́n dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ron Todd, olórí ẹgbẹ́ tí Jack Jones ti darí rí, jẹ́ kó yé wọn pé ibi kan ṣoṣo tí ìdúnàádúrà ṣì kù sí ni Brussels.

Àwọn kan ti sọ pé Delors ló yí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Bìrìtéènì lọ́kàn padà. Ní ojú tiwa, ẹni tí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ti tì ni ó ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí. Òfin owó ìrànwọ́ kò kúrò nínú àdéhùn. Àjọ Ìṣàkóso kò di ohun tí ará ìlú ń dìbò yàn. Ọ̀nà tí owó ń gbà rìn tilẹ̀ tún fẹ́ gbòòrò sí i. Ilé ló yí padà.

Àgbéyẹ̀wò

Èyí mú wa padà sórí àlàyé kejì tí a mẹ́nu bà nínú ìfáàrà, pé ọgbọ́n àtidépò lásán ni. Ó bá Wilson mu dáadáa. Kò bá Jack Jones mu, nítorí pé kò wá ipò ìjọba kankan. Kò sì bá ọdún 1988 mu, nítorí pé ẹgbẹ́ alátakò ni Labour wà nígbà tó yí padà sí ìdúró.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì, a ó rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan tí kò dáhùn. Àwọn tó fẹ́ jáde kò sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí agbára owó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Brussels nìkan ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ọdún 1976 ti fi hàn pé IMF àti àwọn tó ń ṣòwò owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó fẹ́ dúró ní tiwọn kò sọ bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe yọ ẹni tó ń ṣòfin ní Brussels bí òfin náà bá ni í lára. Wọ́n fi ìlérí Delors dáhùn, ṣùgbọ́n ìlérí kì í ṣe ẹ̀tọ́: ẹni tó ṣe é lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la.

Ìkádìí

Bìrìtéènì jáde níkẹyìn. Nínú ìdìbò ìbéèrè ti ọdún 2016, ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún yan ìjáde, orílẹ̀-èdè náà sì kúrò ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020. Jeremy Corbyn, tí ó yan ìjáde ní ọdún 1975, ló ń darí Labour ní ọdún 2016, ìdúró ni ó sì ní kí àwọn ènìyàn òun yàn, kí wọ́n lè tún ẹgbẹ́ náà ṣe láti inú. Àwọn díẹ̀ nínú apá òsì ṣì di ọ̀rọ̀ Benn mú, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni wọ́n darí ìjáde náà. Ẹgbẹ́ Conservative ni.

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé láti ọdún 1962 títí di 1988, ìgbàgbọ́ àwọn sósálíìsì Bìrìtéènì nínú agbára ìjọba tiwọn ni ó ń pinnu ìhà tí wọ́n kọ sí Yúróòpù. Ìbéèrè méjèèjì tí wọ́n fi sílẹ̀ láìdáhùn kò tíì tán nílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2015, ìdá 61.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Gíríìsì tó dìbò kọ àdéhùn àwọn tó yá wọn lówó. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ìjọba sósálíìsì tí wọ́n fi ìbò yàn gba àdéhùn mìíràn tó nira bíi ti àkọ́kọ́. Àwa tí a wà ní orílẹ̀-èdè tó ti tọrọ owó, tó sì ti bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ dá ECOWAS sílẹ̀ ní Lagos ní oṣù karùn-ún ọdún 1975 kan náà tí Bìrìtéènì ń jiyàn yìí, kò yẹ kí a ka ìtàn náà bí ìtàn ará òkèèrè. Bí a bá ń gbèrò ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé èyíkéyìí, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa: ta ni yóò lè ká olówó lọ́wọ́ kò bí a bá dá dúró, ta sì ni yóò lè ká aṣòfin lọ́wọ́ kò bí a bá dara pọ̀?